Òjò Lára Òkúta: Bí Mo Ṣe Fi Tàdáwà Kọ́ Iṣẹ́ Joe Sinnott

Ìwé kọ́míìkì méjì ni mo tẹ́ sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, Fantastic Four nọ́ńbà 43 àti nọ́ńbà 44, ìtàn àwọn akọni mẹ́rin tí ilé-iṣẹ́ Marvel ní Amẹ́ríkà ń tẹ̀ jáde. Oṣù kẹwàá ọdún 1965 ló wà lára èèpo ti àkọ́kọ́, oṣù kọkànlá ló wà lára èkejì. Stan Lee ló kọ ọ̀rọ̀ inú méjèèjì, Jack Kirby ló fi pẹ́ńsù ya méjèèjì. Síbẹ̀, bí ẹ bá ṣí wọn pa pọ̀, ẹ ó rí i pé nǹkan kan ti yí padà. Nínú nọ́ńbà 44, irin ń kọ mànà bí irin, òkúta wúwo bí òkúta, ojú àwọn èèyàn sì mọ́ kedere. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka àwọn ìwé yìí, Kirby nìkan ni mo sì ń kó gbogbo ìyìn fún.

Orúkọ kan ló yàtọ̀ nínú àwọn orúkọ tí wọ́n tò sójú ìwé àkọ́kọ́. Vince Colletta ló fi tàdáwà parí nọ́ńbà 43, ìlà gègé wínníwínní ni tirẹ̀, ó sì bá ìtàn àtijọ́ bíi ti Thor, òrìṣà àrá, mu gan-an. Joe Sinnott ló gba nọ́ńbà 44.

Fún ẹni tí kò bá mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ìgbà yẹn kì í gbé pẹ́ńsù dáadáa, dúdú tó dúdú dénú ló ń fẹ́. Nítorí náà, bí ayàwòrán bá ti fi pẹ́ńsù ṣe tirẹ̀ tán, ẹlòmíràn á fi tàdáwà gba orí rẹ̀ kọjá. Àwọn kan máa ń sọ pé títọ ipa ẹsẹ̀ ẹlòmíràn lásán nìyẹn. Èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Àmọ́ ẹnu dùn-ún ròfọ́. Mo ní kí n fi ọwọ́ ara mi ṣe ojú ìwé kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí n lè mọ ohun tí ọkùnrin yìí ń ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló gbà mí. Mo kọ ohun gbogbo sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, títí kan ibi tí mo ti bà á jẹ́, kí ẹni tó bá fẹ́ dán an wò má bàa tún ìnáwó náà ná.

Ta ni Sinnott

Ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1926 ni wọ́n bí i nílùú Saugerties, ní ìpínlẹ̀ New York. Ó wà nínú ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà nígbà ogun àgbáyé kejì, ó sì dé Okinawa, erékùṣù kan ní Japan. Lẹ́yìn ogun, ó lọ kọ́ṣẹ́ àwòrán nílùú New York, Tom Gill wà lára àwọn tó kọ́ ọ. Nọ́ńbà 5 ọdún 1962, èyí tí Doctor Doom, ọ̀tá ńlá àwọn akọni náà, ti kọ́kọ́ yọjú, ni ìgbà àkọ́kọ́ tó fọwọ́ kan Fantastic Four. Iṣẹ́ mìíràn ló gbà á kúrò níbẹ̀: ó ń ya ìtàn ìgbésí ayé Póòpù John Kẹtàlélógún fún ìwé kọ́míìkì Treasure Chest. Ìgbà tó padà dé ní nọ́ńbà 44, ó jókòó sídìí ẹ̀ títí Kirby fi kúrò lẹ́yìn nọ́ńbà 102 ní 1970, ó sì tún bá àwọn ayàwòrán mìíràn tẹ̀ síwájú.

Ilé rẹ̀ ní Saugerties ló ti ń ṣe é. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ń gbé ojú ìwé wá, òun náà ló ń gbé e lọ. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà wá tẹ sítáǹbù àwọn akọni Marvel jáde ní 2007, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà lára wọn. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí èyí, pé ẹni tí akólẹ́tà ń gbé iṣẹ́ fún láti ọjọ́ yìí wá náà ló wá wà lórí lẹ́tà. Ó ń fi tàdáwà sí àwòrán Spider-Man tó ń jáde nínú ìwé ìròyìn ọjọ́ Sunday títí di 2019, ẹni ọdún 92 ni nígbà náà. Ó kú ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 2020, ó jẹ́ ẹni ọdún 93.

Ojú ìwé tí mo yàn

Ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú nọ́ńbà 51, oṣù kẹfà ọdún 1966. Àwòrán kan ṣoṣo ló gba gbogbo ojú ìwé náà: the Thing, ọ̀kan nínú akọni mẹ́rin náà, Ben Grimm tí ara rẹ̀ ti di òkúta, ó dá dúró sínú òjò. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Kò sí iná, kò sí ìbúgbàù. Mo yàn án nítorí pé kò sí ibi tí èèyàn lè sá pamọ́ sí nínú rẹ̀. Bí òkúta ò bá wúwo, á hàn. Bí òjò ò bá rọ̀, á hàn. Bí ìbànújẹ́ ò bá sì sí lójú rẹ̀, kò sí nǹkan tó kù.

Irinṣẹ́ àti owó

Páàdì bébà Bristol olójú dídán kan, ínṣì 19 sí 24, ewé 20, dọ́là 24. Búrọ́ọ̀ṣì onírun sable nọ́ńbà 3, dọ́là 22. Igi gègé pẹ̀lú ẹnu irin mẹ́rin, dọ́là 11. Ìgò tàdáwà dúdú tí omi kì í fọ̀, dọ́là 6. Ọ̀dà funfun fún àtúnṣe, dọ́là 7. Pẹ́ńsù aláwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, dọ́là 2. Fọ́tòkọ́pì, dọ́là 4. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 76, àmọ́ mo ná 98. Ẹ ó rí ibi tí dọ́là 22 tó kù wọlé sí nísàlẹ̀.

Àwọn tó ti wà nílé: rúlà onírin, réésà bíléèdì, awò tó ń mú nǹkan tóbi, kọ́ìnì mẹ́ta àti sẹ́lótéèpù. Ìwúlò kọ́ìnì ni pé ẹ ó lẹ̀ wọ́n mọ́ abẹ́ rúlà kí etí rẹ̀ lè gbéra kúrò lórí bébà. Bí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, tàdáwà á yọ́ wọ abẹ́ rúlà, ìlà yín á di adágún.

Ìpele 1: Ìwọ̀n, àti ọjọ́ mẹ́rin tó ṣòfò

Mo bẹ̀rẹ̀ lórí bébà A4. Ohun tí mo rò ni pé bí àwòrán ṣe rí nínú ìwé ni kí n ṣe yà á. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jà á. Gbogbo ojú Ben kò ju ibi tí àtàǹpàkò mi lè bò lọ, ẹnu gègé tó tín-ín-rín jù lọ sì nípọn jù fún ìwọ̀nba àyè tó wà láàárín òkúta méjì. Mo fura sí ọwọ́ mi, mo fura sí gègé, mo tilẹ̀ fura sí tàdáwà.

Ìwọ̀n ló ṣì. Títí di nǹkan bí 1967, bébà ńlá ni àwọn ayàwòrán kọ́míìkì Amẹ́ríkà ń lò, ínṣì 12½ sí 18½ ni àyè àwòrán fúnra rẹ̀, bí ìlọ́po méjì ohun tó máa jáde nínú ìwé. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n dín in kù sí 10 sí 15. Ojú ìwé ọdún 1966 tí mo ń ṣe yìí, bébà ńlá ni wọ́n yà á sí. Ìlà tó nípọn tó mìlímítà kan lórí tábìlì Sinnott, ìdajì mìlímítà ló máa ń dà kó tó dé ọwọ́ ọmọ tó fi sẹ́ńtì 12 rà á. Bí wọ́n ṣe ń fún àwòrán náà ní kékeré, bẹ́ẹ̀ ni ìgbọ̀nrìrì ọwọ́ náà ń fún kù.

Mo sọ ewé A4 mẹ́ta yẹn nù. Mo ṣe fọ́tòkọ́pì àwòrán náà ní ìlọ́po méjì, ó jáde ní ègé mẹ́rin, mo lẹ̀ wọ́n pọ̀, mo sì fi rúlà wọ̀n wọ́n kí n tó gbà pé wọ́n bára mu. Etí kan fi mìlímítà mẹ́ta yẹ̀, mo tú u, mo tún un lẹ̀. Ẹ má ṣe fojú fo èyí. Mìlímítà mẹ́ta tó bá yẹ̀ níbi èjìká, Ben á dà bí ẹni tí wọ́n fa apá rẹ̀ yọ.

Ìpele 2: Pẹ́ńsù

Mo lẹ fọ́tòkọ́pì náà mọ́ gíláàsì fèrèsé ní ọ̀sán, mo gbé bébà Bristol lé e, mo sì fi pẹ́ńsù búlúù tọ eegun àwòrán náà nìkan. Mi ò fi òjìji kankan sí i. Wákàtí márùn-ún ní ọ̀sán méjì.

Àṣìṣe tó wà níbẹ̀: mo tẹ pẹ́ńsù jù. Búlúù náà ò hàn dáadáa lójú oòrùn, ni mo bá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì gbẹ́ kòtò tín-ín-rín sínú bébà. Nígbà tí tàdáwà dé, ó ń ṣàn tẹ̀ lé kòtò dípò kó tẹ̀ lé ọwọ́ mi. Ewé yẹn náà lọ. Lórí ewé kejì mo fi ọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ fà á, mo sì dúró de ìgbà tí oòrùn rọlẹ̀ díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan níbí. Ohun tí mo tọ̀ yìí kì í ṣe pẹ́ńsù Kirby. Sinnott ti fi tàdáwà bo ti Kirby mọ́lẹ̀ láti 1966, eegun iṣẹ́ Sinnott ni mo ń tọ̀. Láti mọ ohun tí Sinnott ń bá nínú àpò lẹ́tà, mo lọ wo fọ́tòkọ́pì pẹ́ńsù Kirby ti àwọn ọdún 1970, èyí tó wà káàkiri. Ó yà mí lẹ́nu bí gbogbo nǹkan ṣe pé síbẹ̀. Òjìji ti wà níbi tó yẹ, iṣan ti wà, dídán irin ti wà. Kirby kì í fi nǹkan sílẹ̀ kí ẹlòmíràn wá méfò rẹ̀.

Àmọ́ ẹ gbé awò lé e. Ìlà pẹ́ńsù kan, bí ó bá jẹ́ ti orí òkúta, ó lè fẹ̀ tó mìlímítà kan ààbọ̀, eérú ni, etí rẹ̀ rọ̀. Dúdú kò ní ibi rírọ̀. Nínú mìlímítà kan ààbọ̀ eérú yẹn, ibo ni dúdú máa gbà? Ṣé apá òsì rẹ̀ ni, tí òkúta á fi sanra díẹ̀? Ṣé apá ọ̀tún? Ṣé àárín? Ṣé kó bẹ̀rẹ̀ ní tín-ín-rín kó sì parí ní nínípọn? Pẹ́ńsù ò dáhùn. Ẹni tó di búrọ́ọ̀ṣì mú ló máa dáhùn, ní gbogbo ìlà, ní gbogbo ojú ìwé, oṣù dé oṣù. Ìgbà tí mo rí èyí ni mo tó mọ̀ pé iṣẹ́ tí mo gbé kalẹ̀ ju ohun tí mo rò lọ.

Ìpele 3: Kíkọ́ ọwọ́

Alẹ́ mẹ́ta, ìlà nìkan. Gègé: fà á wá sọ́dọ̀ ara rẹ, má tì í lọ láé. Bí mo ṣe tì í lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹnu rẹ̀ kọ́ bébà, ó sì tu tàdáwà sára ìlà márùn-ún tó ti dára. Bébà ni kí ẹ máa yí, kì í ṣe ọrùn ọwọ́. Búrọ́ọ̀ṣì: kí tàdáwà má kọjá ìdajì irun rẹ̀. Ẹ yí ṣóńṣó rẹ̀ lára bébà àlòkù kó lè mú, kí ẹ tó gbé e lọ sórí iṣẹ́.

Mo fi àwọn àmì dúdú róbóróbó tí Kirby fi ń ya agbára òfuurufú ṣe ìdánrawò. Ẹni tó bá wò ó á rò pé títẹ búrọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ lásán ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá tóbi bákan náà, wọ́n á dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já sílẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣùpọ̀ níbì kan, kí wọ́n túká níbòmíràn, kí funfun tó kù láàárín wọn sì máa jó. Ti Sinnott mọ́ roboto, kò sí èyí tí etí rẹ̀ ya. Mo ya ojú bébà mẹ́ta kí èyí tó ṣeé wò tó jáde.

Ibẹ̀ ni mo ti ba búrọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ jẹ́. Ẹnìkan pè mí, mo gbé búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀ pẹ̀lú tàdáwà lára, ogún ìṣẹ́jú ni mo rò pé mo lò, ó ju wákàtí kan lọ. Tàdáwà ti gbẹ sí ìdí irun níbi tó wọ inú irin. Mo fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó mọ́ lójú, àmọ́ ṣóńṣó rẹ̀ ti là sí méjì, kò sì padà mọ́. Dọ́là 22 nìyẹn. Láti ìgbà náà, ife omi méjì ló ń wà lórí tábìlì, ọ̀kan fún fífọ̀, ọ̀kan fún ṣíṣàn, bí fóònù bá sì dún, omi ni búrọ́ọ̀ṣì máa ń kọ́kọ́ wọ̀.

Ìpele 4: Òkúta

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ibí yìí ló sì jẹ́ ọkàn gbogbo iṣẹ́ náà.

Ìgbìyànjú àkọ́kọ́: mo fi gègé yí òkúta kọ̀ọ̀kan ká, ìlà kan náà, ìnípọn kan náà. Ó mọ́ tónítóní. Mo gbé e sí ògiri, mo sún sẹ́yìn, ohun tí mo rí ni ògiri bíríkì tí wọ́n gé bí èèyàn. Pẹlẹbẹ ni. Kò sí èémí kankan nínú àyà yẹn.

Ìgbìyànjú kejì: mo ní òjìji ló kù. Mo fi òṣùpá dúdú kékeré sí abẹ́ òkúta kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn dọ́gba. Ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òkúta ti di ẹ̀wà, ó ń dán, ó rí róbótó, ó sì fúyẹ́. Òjìji tó dọ́gba níbi gbogbo, bí ìgbà tí kò sí òjìji ni.

Mo pa tàdáwà tì fún ọjọ́ méjì. Mo gbé awò, mo jókòó ti èjìká kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ Sinnott, mo sì ń kọ ohun tí mo rí sínú ìwé. Ẹ jẹ́ kí n mú yín súnmọ́ ọn.

Láàárín òkúta méjì, sàn-án kan wà, ìyẹn ìlà ibi tí méjèèjì ti pàdé. Mo ti ń ya sàn-án náà bí ààlà ilẹ̀ tí onílẹ̀ méjèèjì jọ ni. Sinnott kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan ló máa ń fún. Òkúta tó wà lókè ni, tí òjìji rẹ̀ bọ́ sórí ti ìsàlẹ̀, nítorí náà ìlà náà sanra níhà ti ìsàlẹ̀, ó sì mú ṣáṣá níhà ti òkè. Bó ṣe ń yí lọ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀, ó ń tín-ín-rín, tín-ín-rín, títí tó fi já. Ó já pátápátá. Funfun lásán ló wà níbẹ̀, ojú wa ló ń parí ìlà náà fún un. Lẹ́yìn náà ó tún yọ lódì kejì, ó sì ń sanra padà.

Ohun kejì: ní apá tí ìmọ́lẹ̀ ò dé, kò sí òkúta kọ̀ọ̀kan mọ́. Dúdú ti da mẹ́rin márùn-ún pọ̀ di òjìji kan, ìlà funfun bíńtín kan tàbí méjì ló ṣẹ́ kù láti sọ fún yín pé wọ́n wà níbẹ̀. Èmi ti ń ya òkúta, òun ń ya èjìká tí wọ́n fi òkúta ṣe.

Nítorí náà, ìgbìyànjú kẹta, mo yí ètò padà. Dúdú ńlá ni mo kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì kun: abẹ́ àgbọ̀n, abẹ́ apá, ẹ̀gbẹ́ ara. Mi ò fọwọ́ kan sàn-án kankan títí dúdú wọ̀nyẹn fi gbẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó mú gègé, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti etí dúdú lọ sínú ìmọ́lẹ̀. Ìlà tó sanra jù nínú tèmi jẹ́ mìlímítà méjì, èyí tó tín-ín-rín jù kò tó ìdá mẹ́ta mìlímítà kan. Wákàtí mọ́kànlá, ọjọ́ mẹ́rin. Mo sún sẹ́yìn, àyà náà sì yọ síwájú. Mo pariwo nínú yàrá yẹn.

Ó ṣì ku díẹ̀ káàtó. Àwọn òkúta apá òsì dára, ti apá ọ̀tún le jù, nítorí pé ó ti rẹ̀ mí nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo sì kánjú. Ẹni tó bá wò ó lè mọ ọjọ́ tó rẹ̀ mí.

Ìpele 5: Òjò

Mo fi rúlà fà á lórí bébà àlòkù. Ó dà bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ ògiri. Mo gbìyànjú ọ̀dà funfun lórí dúdú, funfun náà nípọn, ó sì ń fọ́ bó ṣe ń gbẹ. Mo fi bíléèdì ha dúdú kúrò, ìyẹn dára lójú, ṣùgbọ́n ó hú òwú bébà sókè, kò sì ṣeé tún ṣe.

Ohun tó ṣiṣẹ́ ni gègé láìsí rúlà, kí gbogbo apá gbéra láti èjìká, kí ọwọ́ má dúró, kí gègé sì ti kúrò lórí bébà kí apá tó dúró. Ìlà náà á mú ní ìdí. Mo fà á ní igba lórí àlòkù kí n tó gbé e lọ sórí Ben. Ohun kan tún wà tí mo rí nígbà tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí: bí òjò bá gba orí òkúta kọjá tààrà láìdúró, òjò náà wà níwájú àwòrán bí aṣọ títa. Bí ó bá dúró níbi etí èjìká, tí ẹ sì fi àmì kéékèèké bíi mẹ́ta sí ibi tó ti fọ́n, ó ti ba ara rẹ̀ nìyẹn. Ó ti ń rẹ ẹ́. Àmì mẹ́ta péré. Mo fi méje sí ibì kan, ó di eṣinṣin, ni mo bá fi ọ̀dà funfun pa mẹ́rin rẹ́.

Ìpele 6: Ìparẹ́ àti àtúnṣe

Aago mọ́kànlá kọjá lálẹ́, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kun. Ó fà dé orúnkún rẹ̀. Mi ò nù ún, nínù á wulẹ̀ tẹ́ ẹ gbòòrò ni. Mo jẹ́ kó gbẹ di òwúrọ̀, mo fi bíléèdì ha á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mo fi èékánná dán ojú bébà padà, mo fi ọ̀dà funfun lé e lẹ́ẹ̀mejì. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi bébà mímọ́ tẹ́ abẹ́ ọwọ́ mi.

Ìpele 7: Fífún un kéré

Mo fi síkánà gbà á ní dpi 600 (àmì 600 nínú ínṣì kan), mo yọ búlúù kúrò, mo sì dín in kù sí ìdajì. Ọ̀pọ̀ nǹkan tó ń bà mí nínú jẹ́ lórí bébà ńlá ló pòórá. Etí tó gbọ̀n, mi ò rí i mọ́. Òjò náà rọ̀. Èjìká òsì wúwo.

Ojú rẹ̀ ni kò bọ́ sí i. Lórí bébà ńlá, ó dà bíi pé ó ń ronú. Nígbà tó kéré, ó ń bínú. Mo wá ìdí rẹ̀ fún ìrọ̀lẹ́ kan gbáko. Òkúta tó wà lókè ojú, èyí tó dúró fún ìpéǹpéjú rẹ̀, mo ti jẹ́ kí dúdú abẹ́ rẹ̀ nípọn níhà imú. Dúdú níhà imú, ìbínú ni. Ti Sinnott nípọn níhà òde, ó ń wọ́ lọ sílẹ̀, ó sì fi ìmọ́lẹ̀ bíńtín sílẹ̀ nínú ẹyinjú. Ìyàtọ̀ náà kò tó mìlímítà kan.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí láyé ọjọ́un máa ń gé bébà kékeré lẹ̀ mọ́ ibi tí wọ́n bá fẹ́ tún ṣe, èmi náà sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ínṣì méjì sí ọ̀kan ààbọ̀, mo ya ojú méjèèjì sí i, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, mo sì tún un fún kéré. Ìbẹ̀rù. Mo ṣí i kúrò, mo ya òmíràn. Oorun. Ẹ̀kẹta, ìbínú tún padà wá. Ẹ̀kẹrin súnmọ́ ọn. Ẹ̀karùn-ún ló wà níbẹ̀ báyìí. Ó bà jẹ́ lójú díẹ̀, ó dá wà, òjò ń pa á, kò sì bá ẹnikẹ́ni bínú.

Ìṣirò

Ewé Bristol mẹ́sàn-án. Wákàtí 47 gégé bí mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀, láìka ọjọ́ mẹ́rin A4 yẹn mọ́ ọn. Ojú ìwé kan. Ogún irú rẹ̀ ló wà nínú ìtàn Fantastic Four oṣù kan nígbà náà, kì í sì í ṣe ìwé yẹn nìkan ni Sinnott ń ṣe. Mo ti ń padà lọ sí àwọn nọ́ńbà láti 44 sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mi ò lè ṣí wọn kíákíá mọ́. Mo máa ń dúró níbi tí ìlà ti já.

Ewé kẹwàá ti wà lórí tábìlì, mo ti fi búlúù tọ̀ ọ́ tán. Ẹ̀rọ ni lọ́tẹ̀ yìí, irin róbótó oríṣiríṣi àti páìpù. Mo nílò awo oníhò tí wọ́n fi ń ya òbìrìkìtì gígùn, tèmi kò ní ihò tó tóbi ju ínṣì méjì lọ.